Kí Ni Wọ́n Ń Sọ Nípa Ìyá Mi?

Bí ẹ bá dé ilé wa tí ẹ fẹ́ rí mi, Rédíò ni kí ẹ béèrè. Bàámi ló sọ mí lórúkọ yẹn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ó ní bátìrì ọmọ yìí kì í tán. Mo ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Mo ń bá abọ́ sọ̀rọ̀ bí mo bá ń fọ̀ ọ́. Àwọn ará ìsàlẹ̀ kì í béèrè bóyá mo wà nílé. Wọ́n ti gbọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, ẹ rò ó wò: kí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jókòó sínú yàrá kan fún odidi wákàtí kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, kó má lè la ẹnu.

Kíláàsì Sípáníìṣì ni mò ń wí. Tíṣà wa ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, súwẹ́tà kan náà ló ń wọ̀ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Aṣọ́bodè là ń pè é, nítorí ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí tí á fi kà wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin kan péré ló ní: bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn, Sípáníìṣì nìkan ni. Bí o bá ní in, sọ ọ́. Bí o ò bá ní in, dákẹ́. Kì í na èèyàn, kì í bú èèyàn, kì í tilẹ̀ gbóhùn sókè. Á kàn bi ọ́ ní ìbéèrè, á wá dúró, á máa retí rẹ. Gbogbo kíláàsì á bá a retí. Ẹ ó máa gbọ́ bí aago ara ògiri ṣe ń lọ.

Yàrá náà wà ní òpin kọ́ríídọ̀, lókè kẹta. Fèrèsé méjì ló ní, ọ̀dà sì ti lẹ méjèèjì pa láti ọdún gbọọrọ, ẹnikẹ́ni ò lè ṣí wọn. Àárín ògiri àti ọmọbìnrin kan tó ń dáhùn kí wọ́n tó béèrè ni àga mi wà. Òun àti àwọn yòókù ti ṣe ọdún kan nínú èdè náà ná. Kíláàsì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ti kún kí orúkọ mi tó débẹ̀, akọ̀wé iléèwé sì ní kò séwu, ọmọ tó bá gbọ́n á lé wọn bá. Mo gbọ́n o, ṣùgbọ́n mi ò lé ẹnikẹ́ni bá. Ńṣe ni mo dorí kodò bí àdán, mo ń wo ìṣe ẹyẹ.

Ẹni tó bá rò pé ìdákẹ́ rọrùn, kò tíì dákẹ́ rí. Ọ̀rọ̀ á kún mi lẹ́nu, á máa yí kiri níbẹ̀ bí omi tí èèyàn fẹ́ tu tí kò ríbi tu ú sí. Bí agogo bá lù tí mo bá bọ́ sí kọ́ríídọ̀, màá sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun á fi máa dùn mí, kò sì ní tó mi.

Èmi kọ́ ni mo yan Sípáníìṣì. Eré orí ìtàgé ni mo fẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹnu gba máàkì. Màámi ló gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi nígbà tí sáà ń bẹ̀rẹ̀. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó sì fi bírò fa àmì gàdàgbà síwájú Sípáníìṣì. Mo ní, "Màámi, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Ó ní, "Wàá rí i." Ọ̀rọ̀ parí.

Mo rí i lóòótọ́. Mo gba mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìdánwò ọ̀sẹ̀ kẹfà. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i.

Lọ́jọ́rú, obìnrin tó ń gba àwa ọmọléèwé nímọ̀ràn pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó fún mi ní ìwé pélébé kan. Bí òbí mi bá fọwọ́ sí i, tí mo sì dá a padà kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù, mo ti jáde nínú kíláàsì náà nìyẹn, bí ẹni tí kò débẹ̀ rí. Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú eré orí ìtàgé. Ó ní òun á bá mi dì í mú. Ṣùgbọ́n bí aago méjìlá bá kọjá, mo wà nínú Sípáníìṣì títí ọdún á fi parí, iye tí mo bá gbà á sì wọ inú ìwé ẹ̀rí mi. Mo gbé ìwé yẹn bí ẹni gbé ẹyin.

Bàámi ni mo kọ́kọ́ gbé e fún. Bàtà ló ń tún ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé wa. Ó kà á tán, ó dá a padà fún mi, ó sì tún gbé òòlù rẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo fi ẹ́ síbẹ̀," ó ní. "Ẹni tó so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ ni kó wá tú u."

"Ṣé èmi ni ewúrẹ́ ni, Bàámi?"

"Mi ò dárúkọ ẹnì kan o."

Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Màámi lọ́sẹ̀ yẹn, kì í dé kí n tó sùn, kì í sì í wà nílé bí mo bá jí. Ni mo bá kọrí sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, bí a ti ń jáde níléèwé. Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni. Aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á ká a, wọ́n á dì í. Mi ò débẹ̀ rí. Ooru ibẹ̀ pàdé mi lójú kí n tó wọlé tán, ariwo ẹ̀rọ sì ń gbọn ilẹ̀ lábẹ́ bàtà mi. Ariwo yẹn pọ̀ débi pé ọwọ́ ni ọ̀gá wọn fi ń bá wọn sọ̀rọ̀: á na ìka méjì sókè, á tọ́ka síbí, á tọ́ka sọ́hùn-ún.

Kí n sọ ọ̀kan fún yín nípa Màámi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún ẹnu mi. Bó bá ń sọ ìtàn nílé, yíyọ ni Bàámi ń yọ tẹlifíṣọ̀n lára iná. Ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo rí i kó tó rí mi. Ó dúró níbi tí aṣọ ti ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ń mú etí aṣọ kan, obìnrin kan ń mú etí kejì, wọ́n ń ká a jọ. Obìnrin mẹ́ta mìíràn wà níbẹ̀, ẹnu wọn ń lọ láìdúró. Ẹnu Màámi nìkan ló pa dé. Kì í ṣe ẹnu tó ń sinmi. Ẹnu tí wọ́n fi àgádágodo tì ni. Mo mọ ẹnu yẹn. Tèmi ni, lókè kẹta. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí.

Láago mẹ́rin, wọ́n pa ẹ̀rọ fún ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn obìnrin náà dojú agbọ̀n aṣọ délẹ̀, wọ́n jókòó lé e. Màámi jókòó sórí tirẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn yẹn kọ̀yìn sí i.

"Màámi, ẹ kú iṣẹ́."

Ó fò dìde. "Ṣé kò sí o? Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan, Màámi. Ìwé kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fọwọ́ sí."

Ó jókòó padà, ó kà á.

"O fẹ́ jáde," ó ní.

"Kò yé mi ni, Màámi. Kò sí ohun kan báyìí tó yé mi níbẹ̀. Mo ti ṣe é títí."

Mo ti gbára dì fún ariwo. Kò pariwo. Ó wo ẹ̀yìn àwọn obìnrin yẹn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́ èdè wa.

"Àwọn èèyàn wọ̀nyí," ó ní, "Sípáníìṣì yẹn náà ni wọ́n ń sọ."

Mo yíjú wo àwọn obìnrin náà.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lé mi lórí. Mi ò mọ èdè wọn, àwọn náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n á wò mí, wọ́n á sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pè mí, wọn ò ní pè mí bí èèyàn, ọwọ́ ni wọ́n á fi gbá mi léjìká. Èmi, abiyamọ! Ẹni tó burú jù nínú wọn ni Ọ̀rọ̀bọ̀." Ó fi imú tọ́ka sí èyí tó sanra jù. Àwa nílé mọ orúkọ wọn gẹ́gẹ́ bí Màámi ṣe sọ wọ́n: Ọ̀rọ̀bọ̀, Eléyín Wúrà, àti ẹ̀gbọ́n kan pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. "Bí a bá ti ń sinmi báyìí, ìgbà mìíràn á wá dúró síwájú mi, á máa bú mi. Á bú mi, á bú mi, títí omi á fi máa bọ́ lójú rẹ̀. Rédíò, èèyàn ń bú ọ, ó tún ń sunkún! Ìkórìíra wo nìyẹn?"

"Kí lẹ máa ń fi dá a lóhùn?"

"Kí ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn? Ọjọ́ kẹta tí mo débí ni mo ti yan gbogbo wọn lódì. Màá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni títí á fi ṣe tán."

Ohun tí mò ń kú lé lórí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn. Inú bí mi. "Ẹ wá ní kí n lọ kọ́ odidi èdè, kí n lè wá gbọ́ èébú tí wọ́n ń bú yín?"

"Ó yẹ kí n mọ ohun tí mo ṣe fún wọn," Màámi ní.

Ó yọ bírò nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ ìwé náà sórí orúnkún.

"Jókòó síbí. Fetí sí wọn. Bí ó bá yé ọ, sọ fún mi. Bí kò bá yé ọ lóòótọ́, màá fọwọ́ sí i, kí o máa bá tìrẹ lọ."

Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn. Kò sí ohun tó rọrùn jùyẹn lọ. Kí n ṣáà jókòó, kí nǹkan má yé mi. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Mo ti to ojú mi lọ́nà tí màá fi sọ ọ́.

Mo jókòó sílẹ̀, mo tẹjú mọ́ bàtà mi. Ọ̀rọ̀ wọn ń sáré kọjá. Mi ò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ "òjò". Mo gbọ́ "bàtà". Bàtà tuntun kan ló ń fún Eléyín Wúrà lẹ́sẹ̀, ó sì ti wọ̀ ọ́ jáde, wọn ò ní gbà á padà mọ́ níbi tó ti rà á. Àbúrò ní kó rẹ ẹ́ sómi. Ẹ̀gbọ́n ní irọ́ ni, omi á bà á jẹ́. Mo gbàgbé pé mi ò fẹ́ gbọ́. Mo ń wá Màámi kiri nínú ọ̀rọ̀ wọn, mi ò rí i níbì kankan.

Eléyín Wúrà ya páálí bisikíìtì, ó yíjú, ó na ọ̀kan sí Màámi. Màámi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀bọ̀ wá sọ fún un pé, "Fọwọ́ kàn án." Eléyín Wúrà fọwọ́ gbá Màámi léjìká jẹ́jẹ́. Ejìká Màámi le bí igi. Eléyín Wúrà kọjú sí mi, ó fi ìka kan etí ara rẹ̀, ó mi orí, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

"Kò gbọ́ràn, àbí? Ìyá rẹ ni?"

Ó yé mi. Gbogbo rẹ̀ pátá ló yé mi, bí ìgbà tí èèyàn bá tan iná. Mo ti ń retí ọjọ́ yẹn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sì dùn mọ́ mi.

Mo ronú kan ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbá a léjìká. Mo ronú kan Ọ̀rọ̀bọ̀. Ta ni èèyàn máa ń dúró síwájú rẹ̀ sunkún, tí á sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún, tí kò ní bẹ̀rù pé á sọ ọ́ níta?

"Kí ló wí?" Màámi ní. "Ó yé ọ?"

Ìwé náà wà lórí orúnkún rẹ̀. Bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n ṣáà ní kò yé mi. Mo ti sọ ọ́ títí ó ti mọ́ mi lẹ́nu, òtítọ́ sì ni títí di bí ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn. Lọ́la màá wà lórí ìtàgé, màá máa la ẹnu mi bó ṣe wù mí. Bí mo bá sì ní ó yé mi, èmi fúnra mi ni mo ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn mọ́ra mi. Ìyẹn nìkan kọ́. Bí mo bá sọ ọ́, kí ni Màámi fẹ́ fi ọdún mẹ́sàn-án ṣe? Màámi tó jẹ́ pé kí wọ́n nà án sàn fún un ju kí wọ́n ṣàánú rẹ̀.

"Rédíò. Mo ní, ṣé ó yé ọ?"

Ó yẹ kí n lè purọ́ fún un. Mo ti purọ́ fún un nítorí ohun tó kéré jùyẹn lọ.

"Ó yé mi, Màámi," mo ní. "Wọn ò bú yín. Wọ́n rò pé ẹ dití ni."

"Wọ́n rò pé mo kí ni?"

"Pé etí yín ò gbọ́ràn. Ìdí tí wọ́n fi ń fọwọ́ kàn yín nìyẹn."

Màámi wo bisikíìtì tó wà lọ́wọ́ Eléyín Wúrà.

"Ọdún mẹ́sàn-án," ó ní. "Mò ń bínú sí wọn, àwọn ń ṣàánú mi." Ó tún yíjú sí mi. "Kò wá sí ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi rárá?"

"Ọ̀rọ̀ bàtà ni wọ́n ń sọ, Màámi."

"Bàtà!" Ó dùn ún. Mo rí i pé ó dùn ún gidi. Ó gba bisikíìtì náà, ó mú un dání, kò jẹ ẹ́. "Sọ fún wọn pé mò ń gbọ́ràn."

"Màámi, mi ò mọ bí màá ṣe—"

"Sọ fún wọn."

Mo dìde. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbójú sókè, wọ́n ń retí mi, bí kíláàsì ṣe máa ń retí mi gẹ́lẹ́. Màámi wà lẹ́yìn mi, ẹ̀rọ wà níwájú mi, kò síbi tí mo fẹ́ sá gbà. Mo ní, "Ìyá mi. Ó ń gbọ́. Etí dára. Èdè yín, rárá. Etí, dára, dára púpọ̀." Bí Aṣọ́bodè bá gbọ́ ọ, ì bá sunkún.

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Àbúrò pariwo. Ẹ̀rín pa Eléyín Wúrà débi tó fi ń lu itan rẹ̀, ó ń bi àwọn yòókù pé kí ni gbogbo nǹkan táwọn ti sọ níwájú obìnrin yìí? Ọ̀rọ̀bọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó wá dúró níwájú Màámi, ó sì béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ní, ṣé gbogbo ohun tí òun ti ń sọ fún yín látọjọ́ yìí, ẹ gbọ́ ọ?" ni mo sọ fún Màámi.

"Kí ló sọ fún mi?"

Ọ̀rọ̀bọ̀ kò dúró kí n bi òun. Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ ọ́, ó ń fọwọ́ han bí nǹkan kan ṣe ga mọ, kò ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Mo mú ọ̀rọ̀ kan, mẹ́wàá kọjá. Mo mú òmíràn. Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Màámi di apá aṣọ mi mú, ó ń fà á.

"Kí ló wí? Kí ló wí?"

"Ọmọ rẹ̀ kan ni, Màámi. Ọmọbìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó ní omi... odò, tàbí kànga, mi ò mọ̀. Ó yára jù. Mi ò mọ ìyókù, ẹ jọ̀ọ́."

Màámi fi apá aṣọ mi sílẹ̀. Ó wo obìnrin náà, ó wò ó tààrà, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i.

"Ẹkún ọmọ rẹ̀ ló ń sun níwájú mi," ó ní. "Èmi ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ó dìde, ó di ọwọ́ Ọ̀rọ̀bọ̀ méjèèjì mú. "Sọ fún un pé mo gbọ́."

"Màámi, ẹ ò kúkú mọ ohun tó wí."

"Ṣé etí mi kọ́ ló ń wọ̀ ni? Mo gbọ́. Ohun tó wí, ìwọ lo máa sọ ọ́ fún mi bó bá yé ọ. Sọ fún un ná."

Mo sọ ọ́. Ìyẹn kò le. Ọ̀rọ̀bọ̀ gbé orí lé ejìká Màámi, ejìká yẹn kò sì le mọ́. Agogo lù, ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ ariwo rẹ̀.

Kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́, Màámi rí ìwé mi nílẹ̀ níbi tó jábọ́ sí. Ó mú un, ó fi bírò lé e. Ó bi mí létí, nítorí ariwo, bóyá kí òun fọwọ́ sí i. Kò fi halẹ̀ mọ́ mi. Ká ní ó fi halẹ̀ ni, ì bá rọrùn fún mi. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ká a sápò.

Lọ́jọ́ Ẹtì, inú kíláàsì Sípáníìṣì ni mo wà nígbà tí aago méjìlá lù. Ẹ má retí kí n sọ pé ó ti di ẹ̀rọ̀. Fèrèsé kò ṣí. Ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ mi ń dáhùn kí wọ́n tó béèrè. Aṣọ́bodè bi mí ní ìbéèrè, gbogbo wọn yíjú sí mi, mo sọ ọ́, mo ṣì í. Ó ní kí n tún un sọ. Mo kórìíra rẹ̀ látọkànwá, mo sì tún un sọ.

Láti ọjọ́ náà, bí Màámi bá ti wọlé, kó tó bọ́ bàtà, ìbéèrè kan náà ni.

"Ohun tí Ọ̀rọ̀bọ̀ wí, ó ti yé ọ?"

"Kò tíì yé mi, Màámi. Wọn ò tíì kọ́ wa débẹ̀."

"Kò burú," á ní. "Èmi àti òun la jọ ń retí ẹ."